Àwọn Tí Ń Fi Eyín Dá Ẹja Ayé Àtijọ́ Mọ̀

Yanrìn pupa tí wọ́n kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Àtàn-Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà lé jẹ́ apá kan kòtò ilẹ̀ ńlá tí àwọn onímọ̀ nípa àpáta ń pè ní Dahomey Basin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, tó la Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá wọ Nàìjíríà. Òkun ti bò ó rí: òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, lójú ọ̀nà Ṣàngó sí Abẹ́òkúta, láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, ìsàlẹ̀ òkun ló ti dì ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Onímọ̀ fọ́sìlì, ìyẹn ẹni tó ń ka ìtàn ẹ̀dá lára òkú tó ti di òkúta, ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ohun tó gbé inú irú òkun bẹ́ẹ̀, eyín ẹja ekurá sì wà lára ẹ̀rí tó máa ń bá pàdé jù. Eegun ekurá rọ̀ bí etí ènìyàn, ó sì tètè ń jẹrà, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ le, bó sì ti ń re ni òmíràn ń hù, títí ẹja kan ṣoṣo yóò fi da ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín sínú ẹrọ̀fọ̀ kó tó kú.

Ní 1926 ni Geological Survey, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1919, tẹ ìwé onímọ̀ fọ́sìlì Errol White jáde lórí àwọn ẹja tí wọ́n wú ní Ameki, ní gúúsù ìlà-oòrùn. Ní Tógò, nínú kòtò kan náà tó dé Ọ̀tà, Henri Cappetta àti Michel Traverse ṣàlàyé ní 1988 àwọn eyín tó jáde níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífééètì fún ajílẹ̀ ní Hahotoé àti Kpogamé.

Etí eyín ni àwọn onímọ̀ fọ́sìlì kọ́kọ́ ń wò, bóyá ó dán bí abẹ tàbí ó rí gbágungbàgun bí ẹnu ayùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, bóyá ọmọ eyín ṣóńṣó dúró ti ìyá wọn. Ekurá tó ń jẹ́ Otodus obliquus ní ọmọ eyín, etí rẹ̀ sì dán. Otodus auriculatus tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ní ọmọ eyín, ṣùgbọ́n etí ti di ayùn. Nígbà tó di ti megalodon, ọmọ eyín ti pòórá. (Megalodon yìí ló lókìkí nínú fíìmù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè retí rẹ̀ nínú òkúta Ewékorò, tó ti dì tipẹ́tipẹ́ kí ẹja náà tó wáyé.) Ti Striatolamia, ekurá mìíràn, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ojú eyín tó kọ sí inú ẹnu ló ń tú u fó.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni pé eyín inú ẹnu kan ṣoṣo kì í jọra: ti iwájú ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ti ẹ̀gbẹ́ kúrú, ó sì dagun, tó fi jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ fún ẹja kan náà ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ eyín láti ìpele àpáta kan náà ni wọ́n fi ń tú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe, eyín tí kò bá sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kí ẹrù tó kúrò níbi ìwakùsà Tógò lọ sí Kpémé létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́sífééètì, ti pàdánù ìpele tó ti wá.