Adéyẹmí Afọláyan (Adé Love): Láti Orí Ìtàgé Dé Inú Fíìmù

Ìfáárà
Bí a bá dárúkọ fíìmù Yorùbá lónìí, àwọn òṣèré tí àwòrán wọn wà lára bébà ìpolówó ni ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ sí. Ó yẹ kí àwa tí a wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà rántí pé ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà náà jẹ́ ọmọ Agbamu, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dún kan náà tí Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wà. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe fíìmù ni ó sọ Adé Love di òṣèré. Orí ìtàgé ni ó ti kọ́ṣẹ́, ìtàgé náà ni fíìmù rẹ̀ sì gbára lé.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Lórí Ìtàgé
Ọdún 1940 ni a bí i. Ní 1966, ó wọ ẹgbẹ́ eré Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ìyẹn Bàbá Sàlá. Ní 1971, ó kúrò níbẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò ìgbà náà kì í sábà kọ́ ọ̀rọ̀ eré sórí láti inú ìwé. Ọ̀gá ni yóò la ìtàn sílẹ̀, òṣèré kọ̀ọ̀kan yóò sì wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé ipa tirẹ̀ ró. Bí òǹwòran bá rẹ́rìn-ín, òṣèré yóò fa àwàdà náà gùn. Bí wọ́n bá dákẹ́, kíá ni yóò yí ọwọ́ padà. Òwe, orin, ijó àti ìlù kò gbọdọ̀ ṣàjèjì sí i. Ẹni tó bá la irú ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá, ojú kò ní tì í níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán.

Bíbọ́ Sínú Fíìmù
Ní 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, tí a kà sí fíìmù àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá fún gbọ̀ngàn sinimá. Adé Love ni ó kó ipa Àjàní. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe olóòtú Ìjà Òmìnira. Ìtàn rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, nítorí inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí tó jáde ní 1969, ni a ti mú un. Nínú Kádàrá, òun ló kọ ìtàn, òun ni olóòtú, òun náà ló sì kó ipa olú ẹ̀dá-ìtàn. Ìjà Orogún (1982), Taxi Driver (1983) àti Ìyá Ni Wúrà (1984) tẹ̀lé e.

Kí ló mú kí èyí ṣeé ṣe? Àwọn ẹgbẹ́ eré ti ní òṣèré nílẹ̀, wọ́n sì ti ní òǹwòran láti ìlú dé ìlú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé eré kiri náà ni wọ́n gbà gbé fíìmù kiri. Wọ́n á kó ẹ̀rọ sinimá sínú ọkọ̀, wọ́n á sì fi fíìmù hàn ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ kì í fẹ́ kí fíìmù kúrò lójú òun, nítorí àwọn aṣàdàkọ. Ìyà tí wọ́n fi jẹ Bàbá Sàlá lórí Ọ̀run Móoru (1982) jẹ́ àríkọ́gbọ́n fún gbogbo wọn.

Àwọn Obìnrin Ńkọ́?
Ní àwọn ọdún 1940 tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni kò jẹ́ gbà kí ọmọbìnrin wọn ṣeré, torí wọ́n ka òṣèré sí alágbe. Fífẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó ni Ògúndé fi wá ojútùú sí i. Ẹgbẹ́ wá di agbo ilé, iṣẹ́ sì di àjogúnbá. A rí irú èyí nínú ìdílé Afọláyan. Tóyìn Afọláyan, tí a mọ̀ sí Lọlá Ìdíje, jẹ́ ọmọ Agbamu àti àbúrò Adé Love. Mojí jẹ́ ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Kúnlé tó darí Aníkúlápó (2022).

Àgbálọgbábọ̀
Lẹ́yìn 1986 tí náírà já wálẹ̀, owó fíìmù sinimá, tí òkè òkun ni a ti ń fọ̀ ọ́, kọjá agbára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Fíìmù àgbéléwò gba ipò rẹ̀. Adé Love papòdà ní 1996, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnjò sì ti túká. Iná fíìmù kò kú, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń kọ́ṣẹ́ ti dínkù. Ọmọ tí kò bá ní ìdílé òṣèré lẹ́yìn, níbo ni yóò ti kọ́ ọ? Ilé-ẹ̀kọ́ ni ìtàgé tó ṣẹ́ kù ní arọ́wọ́tó rẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fi eré oníṣe mọ sórí kíkà nìkan. Kí ó la ìtàn kan láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin sílẹ̀, kí ó pín ipa fún ọkùnrin àti obìnrin, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn wá ọ̀rọ̀ sí i. Bí àwọn òbí bá pe èyí ní ìranù, ìtàn ọmọ Agbamu yìí tó láti fi dá wọn lóhùn.