Mo Ra Pàṣán Tí N Kò Lè Lò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí yà yín lẹ́nu. Olùkọ́ ni mí, pàṣán kò sì ṣàjèjì sí ọwọ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n pàṣán tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí a fi ń bá ọmọ wí. Inú eré orí fóònù ni mo ti rà á. Owó gọbọi ni mo san lé e lórí, kò sì ṣe é lò fún mi rárá. Ó tún dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi. Nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn kòrónà, mo jókòó sílé láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn arúgbó ni ó sì ń tọ́jú ní òru. Òun ni ó pè mí tí ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí a jọ máa ṣe eré kan. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ibẹ̀ ni a ó ti máa rí ara wa.” Ó ti pé ọdún márùn-ún tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. Mo gbà.

Orúkọ eré náà ni Old School RuneScape. Andrew Gower àti Paul arákùnrin rẹ̀ ni ó gbé RuneScape jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín, Jagex, sì wà ní ìlú Cambridge. Ní 2013 ni wọ́n dá a padà sí bí ó ti rí ní 2007, ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ó sì dé orí fóònù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ ni ó máa ń pàdé níbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù yóò bẹ̀rẹ̀ bí òtòṣì. Yóò gé igi, yóò pẹja, yóò wa kùsà, yóò bá ẹranko àti òmìrán jà. Ẹ̀yin oníṣòwò ìbá sì fẹ́ràn ọjà ńlá kan tí ó wà níbẹ̀, Grand Exchange ni wọ́n ń pè é, níbi tí iye ohun gbogbo ti ń lọ sókè sódò bí iye gàrí.

Bí a ti to kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ ni a to agbára ènìyàn nínú eré náà, láti ipele 1 títí dé 99. Máàkì ni a fi ń gòkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun ìjà rí: àlejò tuntun yóò gbé idà bronze tàbí ti irin, ní ipele 20, yóò gbé ti mithril, ní ipele 30, ti adamant, ní ipele 40, ti rune. Pàṣán tí mo wí, abyssal whip ni orúkọ rẹ̀, ipele 70 ni ti rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àbúrò mi fún mi ní mílíọ̀nù mẹ́rin owó wúrà inú eré. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi kó o jọ, lẹ́yìn iṣẹ́ òru, nígbà tí ó yẹ kí ó máa sùn. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ra ohun tí ẹ ó fi lè máa bá mi rìn.”

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, nítorí èmi kò kíyè sí i. Ohun tí mo rò ni bí n ó ṣe dà bí òun. Pàṣán ni ó máa ń gbé, nítorí náà pàṣán ni mo lọ rà. Wọn kì í tà á fún ẹni tí ń ṣe eré náà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà mo yọ owó gidi láti inú àpò mi, mo san owó ọmọ ẹgbẹ́ oṣù kan. Mo rà á tán, mo fẹ́ gbé e lọ́wọ́, eré náà sọ fún mi pé ó di ipele 70. Ipele 20 ni mo wà. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Èmi ti bèèrè.

Àṣìṣe kejì tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú owó tí ó kù ni mo fi ra ìhámọ́ra dúdú tí a fi wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ sí létí. Ipele 10 ni ìhámọ́ra náà wà fún, bí ó sì ti dán tó yẹn, kò fi ohunkóhun lágbára ju dúdú lásán lọ, èyí tí owó rẹ̀ kéré jọjọ. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Ó yẹ kí n ra idà mithril, tí kò ju owó péńpé lọ, kí n máa fi jà. Mo sọ fún ara mi pé, kí ni mo fẹ́ fi mithril ṣe nígbà tí pàṣán ń bẹ ní báńkì? Mo ń fi idà irin jà.

Ní ọjọ́ kan, àbúrò mi mú mi lọ sí abẹ́ ilẹ̀ ní Edgeville, níbi tí àwọn òmìrán wà. Òmìrán àkọ́kọ́ lù mí pa. Ẹni tí ó bá kú nínú eré náà, ìlú Lumbridge ni yóò ti jí, ni mo bá rìn padà. Wọ́n tún lù mí pa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àbúrò mi béèrè pé, “Bọ̀ọ̀dá, kí ni ẹ fi owó tí mo fún yín rà?”

Ojú tì mí. Ẹ̀gbọ́n ni mí, olùkọ́ sì ni mí. Èmi tí mo ń sọ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ka ìbéèrè kí wọ́n tó dáhùn, n kò ka ohun tí a kọ sí ara ọjà kí n tó rà á. Mo dá a lóhùn ṣókí pé, “Mo ti ná an.” Kò sọ ohunkóhun mọ́. N kò tún rí i nínú eré náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì pè mí.

Ìyá wa ni ó pè. Wọ́n ní, “Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ àti àbúrò rẹ? Ó ní òun fún ọ ní nǹkan, o sì lọ tà á. Ṣé aṣọ ni àbí ilẹ̀?” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àbúrò mi rò pé mo ti fi owó wúrà òun gba náírà lọ́wọ́ ẹnìkan. Kò bínú nítorí owó. Ó bínú nítorí oorun tí ó fi sílẹ̀ kí ó tó kó o jọ.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà! Ẹ ò ṣe sọ fún mi?” Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò tíì parí. Oṣù kan tí mo san owó fún ti kọjá. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò lè lo pàṣán náà, kò sì lè tà á. Àbúrò mi tún ní láti san owó oṣù kan mìíràn kí a tó lè mú un lọ sí ọjà, àdánù ni a sì tà á.

Nígbà náà ni ó wá ṣírò fún mi, bí ẹni pé òun ni tíṣà. Ẹni tí ó wà ní ipele 20 ti ní máàkì 4,470. Kí ó tó dé 40, yóò ní 37,224. Kí ó tó dé 70, yóò ní 737,627, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ogún ti ipele 40. Ọ̀nà jíjìn ni mo fẹ́ fi idà irin rìn! A ra idà mithril, lẹ́yìn náà adamant, owó tí kò tó nǹkan. Nígbà tí mo dé 40, a ra idà rune tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, bí owó wúrà 15,000. Idà yẹn ni mo lò pẹ́ jù lọ. Àwọn onídán inú eré náà tí ó ti dé ipele 55 lè sọ ọ́ di owó wúrà 15,360, nítorí náà iye rẹ̀ kì í wálẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀: ọjà tí ènìyàn lò tán tí ó tún tà, tí owó rẹ̀ sì padà wọlé.

Kì í ṣe òṣèré nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ó ń da àwọn tí ó ń ṣe eré náà láàmú pẹ̀lú. Bí ohun ìjà àlejò tuntun bá lágbára jù, kò sí ẹni tí yóò wá ti òkè mọ́. Bí ó bá sì rọ jù, àlejò yóò sú, yóò sì lọ. Ẹ wo World of Warcraft, tí ilé-iṣẹ́ Blizzard ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2004. Ogójì ènìyàn ni ó máa ń kó ara wọn jọ wọ ihò Molten Core, tí wọ́n ń jà lóròòru láti gba ìhámọ́ra aláwọ̀ elésè àlùkò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, a fi ilẹ̀ tuntun kún eré náà, ipele tí ó ga jù kúrò ní 60, ó di 70. Ìhámọ́ra aláwọ̀ ewé tí a ń fún ènìyàn fún iṣẹ́ kéékèèké ní ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ tuntun yẹn sì bá púpọ̀ nínú ti elésè àlùkò dọ́gba, òmíràn tilẹ̀ jù ú lọ. Làálàá ọdún méjì di ohun tí a gbé tà. Ní ọdún 2008 ni wọ́n wá mú oríṣi ohun ìjà kan jáde tí ó ń dàgbà bí ẹni tí ó gbé e ti ń dàgbà, tí àgbà sì lè fi fún ọmọ tuntun tirẹ̀ láti máa lò.

Nínú eré tiwa, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n lò, òun ni ó sì wù mí jù. Ní Lumbridge, ìlú tí òtòṣì ti ń bẹ̀rẹ̀, ìjòyè kan wà tí ń jẹ́ Duke Horacio. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ bá dírágónì Elvarg jà ní erékùṣù Crandor, ìjòyè yìí yóò fún un ní apata tí ó ń dá iná ẹnu dírágónì dúró. Ọ̀fẹ́ ni. Mo fi apata náà pa Elvarg, lẹ́yìn èyí ni a tó gbà mí láàyè láti wọ ìhámọ́ra àyà ti rune. Mo dàgbà kọjá idà rune. Ní 2022 mo dé ipele 70, mo sì fi owó tí èmi fúnra mi ṣiṣẹ́ fún ra pàṣán. Ṣùgbọ́n apata ọ̀fẹ́ yẹn kò kúrò ní báńkì mi. Bí a bá ń lọ bá dírágónì ńlá jà, òun náà ni mò ń gbé.

Ẹ̀yin òbí àti oníṣòwò, ohun tí mo rí kọ́ rèé. Èkínní, ohun tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó tó iṣẹ́ òní í ṣe, kí ó má sì wọ́n. Ẹ má ṣe fi wúrà ṣe é létí, nítorí ẹ ó fi í sílẹ̀ láìpẹ́. Èkejì, ẹ má ṣe tìtorí ohun tí ẹ ó lò lọ́la fi ọwọ́ lásán jà lónìí. Mo ti rí bàbá tí ó ra ìwé ìdánwò àṣejáde fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ọmọ náà kò sì ní ìwé tí yóò fi kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀kẹta, ẹ fara balẹ̀ wá ohun kékeré tí yóò bá yín dé òpin, kí ẹ má sì kẹ́gàn rẹ̀ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni.

Ní ọdún tí ó kọjá, àbúrò mi pa dírágónì dúdú kan, ó sì rí ohun tí ó ti ń wá láti ọdún pípẹ́: draconic visage, orí dírágónì tí a fi ń ṣe apata dragonfire, tí kò ṣe é wọ̀ àyàfi fún ẹni tí ó dé ipele 75. Ó pè mí tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n apata ọ̀fẹ́ ti Lumbridge ni a ń lẹ orí dírágónì náà mọ́, òun sì ti sọ tirẹ̀ nù nígbà tí ó rò pé òun ti di ọ̀gá. Kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a padà lọ síbẹ̀. Èmi àti òun jọ rìn wọ ààfin Duke láàárín àwọn àlejò tuntun tí ó gbé idà bronze lọ́wọ́, ó sì tún fún un ní òmíràn. Ó gbé e lọ fún Oziach ní Edgeville, ó san owó wúrà 1,250,000, a sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fún un.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi rìn.” Mo sọ fún un pé ohun tí ó bẹ̀ mí sí láti 2020 náà nìyẹn.