Zémidjan àti oléyia: ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú orúkọ náà?

Ní Lomé, orúkọ méjì ni alùpùpù akérò ń jẹ́. Láti inú èdè Fọ̀n ni zémidjan ti wá: "gbé mi kíákíá", èrò ló ń sọ̀rọ̀. Èdè Mínà ni oléyia: "ṣé ò ń lọ?", ẹni tó ń wa alùpùpù ló ń bèèrè. Odindi gbólóhùn ni méjèèjì kí wọ́n tó di ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi bọ́lẹ̀kájà tiwa ("bọ́ọ́lẹ̀ ká jà"). Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìgboro kò ní gírámà, kí ó wo èyí wò.

Ọ̀kadà ni kò bá wọn mu: orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air ni. Ó ń fẹ́ oní- kí ó tó di awakọ̀, ọlọ́kadà. Zémidjan ń tọ́ka sí alùpùpù àti awakọ̀ láìyí padà.