Oògùn Apakoríko Nínú Oko Òwú: Kò Gba Ọkọ́ Lọ́wọ́ Àgbẹ̀

Òwú kì í tètè dàgbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó bá kọ́kọ́ hù, ewé rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó láti ṣíji bo ilẹ̀, èpò á sì ti ṣáájú rẹ̀ mu omi, á jẹ ọ̀rá ilẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá jẹ́ kí èpò jọba lásìkò yìí, ríro tó bá ro lẹ́yìn náà kò lè dá èrè tó ti lọ padà. Àsìkò yìí kan náà sì ni àgbàdo àti iṣu ń pe àgbẹ̀ Òkè-Ògùn àti ti Banikoara ní orílẹ̀-èdè Benin, tí lébìrà á wọ́n bí ojú. Ibi tí oògùn apakoríko ti wúlò nìyẹn: ó ń jẹ́ kí òwú ráyè mí títí ọkọ́ yóò fi dé.

Ṣùgbọ́n oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀. Ilẹ̀ tó mọ́, tó sì tutù ni à ń fín pendimethalin sí, kété tí a bá gbin òwú tán. Kì í pa èpò tó ti hù. Glyphosate ń pa èpò àti òwú pọ̀, nítorí náà, kí a tó gbìn ni ká fín in. Àwọn kan ń sọ pé irúgbìn òwú tuntun tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2018 lè fara da glyphosate. Rárá o: kòkòrò tó ń lu èso òwú nìkan ni irúgbìn náà ń dènà. 2,4-D tí wọ́n ń fín sí àgbàdo tún burú jù fún òwú. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sínú táńkì tó láti mú kí ewé òwú tín-ín-rín, kó sì lọ́. Ẹ ya táńkì òwú sọ́tọ̀.

Ẹlòmíràn á ní àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ro òwú mọ́. Ní Georgia, irúgbìn tí glyphosate kì í pa ni wọ́n gbára lé, títí a fi rí i ní 2005 pé irú tẹ̀tẹ̀ kan ti di èyí tí oògùn náà kò ràn mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ tún padà sídìí ríro. Ẹlòmíràn á ní ká kúkú da gbogbo oògùn nù, torí ó ń pààyàn. Òótọ́ wà níbẹ̀: paraquat kò ní ẹ̀rọ̀, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, sì ti fòfin dè é láti January 1, 2024, àti atrazine láti January 1, 2025. Ṣùgbọ́n gbogbo oògùn kọ́ ni wọ́n fòfin dè. Èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí, ni kí ẹ rà. Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ má fín in nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ má sì ṣe fọ táńkì sódò.

Ẹ má ṣe bu oògùn sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ike oògùn náà lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.