Ẹsẹ̀ Tó Ti Rọ́ Lẹ́ẹ̀kan: Kí Ló Dé Tó Tún Ń Rọ́?

SS2 ni mo wà nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kọ́kọ́ rọ́, lórí pápá eléruku kan nílùú Iléṣà. Mo fò sókè láti fi orí gbá bọ́ọ̀lù, orí ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni mo bọ́ lé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wú tó ọsàn. Ìyá mi àgbà fi omi gbígbóná àti Aboniki wọ́ ọ títí mo fi ń ké.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, kò dùn mí mọ́. Wọ́n fẹ́ yan àwọn ọmọ tó máa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo wọ bàtà bọ́ọ̀lù mi. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ yẹn tún fi rọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí. Ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láìsí èmi.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ó pẹ́ kí n tó wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo rí nìyí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọrùn ẹsẹ̀?

Okùn líle tó so egungun mọ́ egungun níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní lígámẹ́ǹtì. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá yí sínú, àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde ló máa ń fà tàbí já, pàápàá èyí tó wà níwájú kókósẹ̀, torí agbára rẹ̀ ò tó ti àwọn yòókù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn lásán. Àwọn iṣan ìmọ̀lára wà nínú rẹ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ẹsẹ̀ wà, bí ẹ ò tiẹ̀ wò ó. Ní 1965, Michael Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ṣàlàyé pé bí ẹsẹ̀ bá rọ́, àwọn iṣan yìí náà máa ń fara gbá nínú rẹ̀. Ìròyìn ò wá tètè dé ọpọlọ mọ́. Kí ẹran ẹsẹ̀ tó ta gìrì láti gbá a mú, ó ti yí. Látìgbà náà, àwọn onímọ̀ ti fi kún un pé ẹran ẹsẹ̀ tó ti rọ̀ náà lọ́wọ́ sí i.

Ìyẹn ni pé ìrora lè lọ tán kí ẹsẹ̀ má tíì yè. Ẹ dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: ẹ fi ẹsẹ̀ tó yè nìkan dúró, kí ẹ dijú. Ẹ wá fi èyí tó rọ́ ṣe é. Ẹ̀yin náà á rí ìyàtọ̀.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má sì fi omi gbígbóná sí i. Ó lè mú kó wú sí i. Ẹ fi báńdéèjì dì í, kó má le jù, kí ẹ gbé e lé ìrọ̀rí. Píọ̀ wọ́tà tó ti dì, tí ẹ fi aṣọ wé, lè dín ìrora kù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó.

Bí ẹ ò bá lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tó ń dùn yín tí ẹ bá tẹ egungun kókósẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀, ẹ lọ ya X-ray. Inú òfin tí àwọn dókítà gbé jáde ní Ottawa, Kánádà, ní 1992 ni mo ti mú un. Wesley Guild wà ní Iléṣà, UNIOSUN Teaching Hospital wà ní Òṣogbo. Mi ò sọ pé àwọn teguntegun wa ò mọṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò lè rí ohun tí X-ray ń rí. Fún ẹni tó ṣì ń ga, ibi tí egungun ti ń dàgbà gan-an lè ti fara pa.

Eré ìdárayá tó ń tún ẹsẹ̀ ṣe

1. *Yíyí ẹsẹ̀.* Ẹ jókòó, kí ẹ fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ A, B, D, E, Ẹ títí dé Y nínú afẹ́fẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́.

2. *Agbára.* Ẹ gba túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táyà. Ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ fà á síta nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa na gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ẹyọ kan.

3. *Ìdúróṣinṣin.* Èyí ni mi ò ṣe. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Tó bá ti rọrùn, ẹ dijú. Tíyẹn náà bá rọrùn, ẹ dúró lórí ìrọ̀rí, kí ọ̀rẹ́ yín máa ju bọ́ọ̀lù sí yín. Ní Netherlands, wọ́n fi irú eré yìí ṣe ìwádìí lórí eléré ìdárayá 522 tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ́. Àwọn kan ṣe é nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Láàárín ọdún kan, ẹsẹ̀ tún rọ́ fún 22 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Lára àwọn tí kò ṣe é, 33 ni. Ọdún 2009 ni èsì náà jáde.

4. *Fífò àti sísá.* Ẹ kọ́kọ́ sáré tààrà, kí ẹ tó máa yà sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wá gbé bọ́ọ̀lù kún un. Lẹ́yìn náà ló kan tírénì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ló gbẹ̀yìn.

Tó bá ń dùn yín gan-an, tàbí tó wú ní ọjọ́ kejì, ẹ padà sẹ́yìn ní ìpele kan. Físíò lè tọ́ yín sọ́nà.

Ìgbà wo ni kí n padà sórí pápá?

Ẹ má ka ọjọ́, ẹsẹ̀ ni kí ẹ bi. Ṣé ó lè fò jìnnà tó èkejì? Ṣé ẹ lè sáré kí ẹ yà lójijì láìbẹ̀rù? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó kù díẹ̀.

Tí ẹ bá sì ti padà, ẹ má fi ìmáragbóná ṣeré. Ní Èkó, Oluwatoyosi Owoeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20 jọ, ọmọkùnrin 416, ọmọ ọdún 14 sí 19. Apá kan ṣe ìmáragbóná tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+, apá kejì ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èsì tó jáde ní 2014 fi hàn pé ìfarapa dín kù ní 41 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ṣe é. Orí pápá tiwa níbí ni o, kì í ṣe òkè òkun.

Yunifásítì ni mo ti wá ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tèmi, ẹsẹ̀ náà sì ti dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Òṣogbo yẹn ò padà wá gbé mi. Bí wọ́n bá fẹ́ yan yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ẹsẹ̀ yín ò sì tíì lè fò, ẹ sọ fún kóòṣì. Ó máa dùn yín, àmọ́ ẹ ṣì máa ní ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi gbá ti ọdún tó ń bọ̀.