Iṣẹ́ Management Trainee: Ṣé Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ni àbí Orúkọ Lásán?



Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì pè mí lórí fóònù. Ó ti di baálé ilé báyìí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó sì ti fún un ní lẹ́tà pé kó wá ṣe management trainee. Ó ní, “Prof, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí sí i? Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí o, ẹ jẹ́ kí a jọ ka lẹ́tà náà ná.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó ní ìdí tó fi sọ ọ́.

Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń wá iṣẹ́, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, lẹ́tà méjì ló mú wá sí ọ́fíìsì mi. Ọ̀kan wá láti ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi owó ṣòwò. Gbogbo ayé mọ orúkọ wọn, wọ́n sì kọ management trainee gàdàgbà sórí lẹ́tà. Èkejì wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ. Akọ̀wé stóò lásán ni wọ́n fẹ́ kó ṣe níbẹ̀. Mi ò tíì ṣí ojú-ìwé kejì lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo fi dá a lóhùn pé, “Kí lo tún ń béèrè? Gba ti ọ̀gá, jàre.”

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wọn nínú kíláàsì. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún un ní tágẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iye owó tó gbọ́dọ̀ gbà wá láti ọwọ́ àwọn oníbàárà lóṣooṣù, wọ́n ní kó máa lọ. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi ń kan ilẹ̀kùn kiri Èkó. Kò fi ojú kan ẹ̀ka kejì nínú ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí tágẹ́ẹ̀tì ò pé, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Iṣẹ́ stóò tí mo fojú tẹ́ńbẹ́lú ńkọ́? Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló lọ gbà á. Ibẹ̀ ló ti mọ bí ìyẹ̀fun ṣe ń wọlé, bí a ṣe ń ṣírò èyí tó bàjẹ́, bí a ṣe ń bá àwọn oníṣòwò dúnàádúrà. Òun ló wà nídìí gbogbo ọjà rírà ní ilé-iṣẹ́ mìíràn lónìí.

Mi ò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè sá fún iṣẹ́ management trainee. Mo rí àwọn tí iṣẹ́ náà gbé dé ibi gíga. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé orúkọ iṣẹ́ ni mo kà lọ́jọ́ yẹn, mi ò ka iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí a kà á.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Gbogbo wa la mọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bí òbí bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, wọ́n á jọ ṣe àdéhùn: iye ọdún tó máa lò, ohun tí ọ̀gá máa kọ́ ọ, àti ọjọ́ tó máa gba ìyọ̀ǹda. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́ ọmọ náà ní wíwọn, á kọ́ ọ ní gígé, á kọ́ ọ ní rírán. Ọ̀gá mìíràn á kàn máa rán an lọ pọn omi, á máa ní kó gbé ọmọ, títí ọdún mẹ́ta á fi pé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló lè gé aṣọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni management trainee rí. Nínú èyí tó jẹ́ ojúlówó, ilé-iṣẹ́ á mú àwọn ọmọ yunifásítì díẹ̀, á sì máa yí wọn ká láti ẹ̀ka kan sí èkejì fún nǹkan bí ọdún kan sí méjì: títa ọjà, ìṣirò owó, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà, ilé ìkẹ́rùsí, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ní ìparí, wọ́n á fi ẹni náà sí ipò alákòóso kékeré. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ni bí apá kan ilé-iṣẹ́ ṣe ń fa apá kejì.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tó wà nídìí títa ọjà nìkan á máa bínú pé àwọn akáńtà ò tètè buwọ́ lùwé. Ẹni tó wà nídìí ìṣirò á máa rò pé àwọn tó ń tajà kàn ń ná owó ni. Ẹni tó ti jókòó ní ibi méjèèjì mọ ohun tó ń dun ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń wúlò títí ọjọ́ alẹ́, kódà bí èèyàn bá fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ dá tirẹ̀ dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà

Ní 1929 ni wọ́n da ilé-iṣẹ́ òwò méjì pọ̀ di United Africa Company, UAC tí gbogbo wa mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, òyìnbó ló ń jókòó sórí àga ọ̀gá nírú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa ń ṣe akọ̀wé, wọ́n ń ṣọ́ stóò. Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, òmìnira dé ní 1960. Lẹ́yìn náà ni òfin 1972 àti ti 1977 jáde, tó ní kí ìpín nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá wọlé láti yunifásítì nígbà náà mọ̀ pé àga ń bẹ tó ń retí ẹni tó máa jókòó lé e.

Ayé yí padà. Ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní 1986, owó náírà já wálẹ̀. Ní 2004, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan tó bílíọ̀nù 25 náírà. Nígbà tí 2005 máa fi parí, báńkì 89 ti di 25. Àga dín kù, àwọn tó ń jáde ní yunifásítì ń pọ̀ sí i. Lójú tèmi, ìgbà náà ni orúkọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi ju iṣẹ́ lọ. Títa ọjà àti wíwá oníbàárà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn o. Ohun tó burú ni kí wọ́n pe ẹni tó ń ṣe é ní alákòóso ọ̀la nígbà tí wọn ò ní in lọ́kàn láti kọ́ ọ ní ohun mìíràn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀nà yìí nìkan ló wà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Olóyè Ernest Shonekan tó wọ UAC ní 1964, iṣẹ́ agbẹjọ́rò ló bá wọlé. Nígbà tó di 1980, òun ni alága àti ọ̀gá àgbà níbẹ̀.

Ìbéèrè márùn-ún kí ẹ tó buwọ́ lùwé

Èkíní: oṣù mélòó, ẹ̀ka mélòó? Wọ́n gbọ́dọ̀ lè dárúkọ àwọn ẹ̀ka náà. Bí wọ́n bá ní “a máa gbé ọ síbi tí a bá ti nílò rẹ,” òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n ń wá.

Èkejì: ta ni ọ̀gá mi ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ta ló sì máa yẹ iṣẹ́ mi wò? Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò ní ọ̀gá, ta ló fẹ́ fún un ní ìyọ̀ǹda?

Ẹ̀kẹta: lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ipò wo, owó oṣù wo, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó kọ̀nfáàmù mi? Níbí yìí, ẹ má gbára lé ẹnu ilé-iṣẹ́ nìkan. Ẹ wá ẹni tó wọlé ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ra oúnjẹ ọ̀sán fún un, kí ẹ bi í léèrè pé, “Mélòó lẹ wọlé? Mélòó ló kù? Níbo ni wọ́n wà?” Ìdáhùn rẹ̀ á wúlò ju ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n tẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin: ta ló gbà mí síṣẹ́ gan-an? Ṣé ilé-iṣẹ́ náà ni, àbí aṣojú kan tó fẹ́ gbé mi fún wọn lò ní kọ́ńtíráàkì? Ẹ wo owó ìfẹ̀yìntì. Òfin 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ sì san ìdá 8. Ẹ béèrè bóyá láti oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: bọ́ǹdì ńkọ́? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan á ní kí o sin àwọn fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tàbí kí o san owó padà. Mi ò rí i pé ó burú, bí ẹ̀kọ́ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni iye rẹ̀? Ṣé ó ń dín kù bí oṣù ṣe ń lọ? Kí ẹ sì má fi ojúlówó sàtífíkéètì yín dógò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tún rántí pé láti 1971 ni Industrial Training Fund ti wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin rẹ̀ kàn ń san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí wọ́n ń san lọ́dún síbẹ̀, wọ́n sì lè gba díẹ̀ padà bí wọ́n bá fi hàn pé àwọn ń kọ́ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àánú ni wọ́n fi ń kọ́ yín.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ lẹ́tà tó báyìí? Labour Act, òfin iṣẹ́ wa, yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso àti ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́. Orúkọ ńlá yẹn lè jẹ́ kí wọ́n kà ọ́ mọ́ wọn. Bí ìjà bá dé, ohun tó wà nínú lẹ́tà lẹ máa gbé lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí wọ́n fẹnu sọ, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ.

Ta ni kò yẹ kó gbà á?

Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tó fẹ́. Bí o bá fẹ́ di akáńtà tó jinlẹ̀, kí o wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò, kí o sì máa ṣe ìdánwò ICAN rẹ lọ, sàn ju kí o máa yí ká. Bákan náà ni ẹnjiníà tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún láti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ, tàbí tó mọ̀ pé òun fẹ́ darí ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, òun ni yíyí ká máa ṣe lóore.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń bẹ. Ẹni tó ń ti Ìlọrin tàbí Adó-Èkìtì bọ̀ wá sí Èkó, kó ṣírò ilé àti ọkọ̀ kí orí rẹ̀ tó wú. Onílé lè béèrè owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, owó oṣù trainee kì í sì í ga. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni ilé ń wò, bá wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọdún méjì yìí jẹ́ ọdún ẹ̀kọ́.

Ẹni tó bá wọlé, kó rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹni tó ti wà ní ilé ìkẹ́rùsí fún ogún ọdún mọ ohun tí ìwé rẹ kò sọ. Kí i dáadáa, bi í léèrè, kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Bí ó bá di oṣù mẹ́fà tí o kò rí ohun tuntun kọ sínú ìwé náà, ó ti yẹ kí o lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ.

Àbúrò akẹ́kọ̀ọ́ mi ńkọ́? A jọ ka lẹ́tà rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oṣù méjìdínlógún, ẹ̀ka mẹ́rin, wọ́n dárúkọ wọn. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbà á, owó ìfẹ̀yìntì máa bẹ̀rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́, bọ́ǹdì jẹ́ ọdún kan. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohunkóhun nípa ipò tó máa wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ó kọ ìwé sí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó béèrè. Ẹ̀rù bà á pé wọ́n lè bínú gba iṣẹ́ náà padà. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kọ ipò náà àti ìdánwò tó máa ṣe kó tó dé ibẹ̀.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún mi, ó ní, “Prof, stóò náà ni o.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run á fi ọ̀nà mọ ọmọ wa gbogbo. Ó dìgbà kan ná.