Àwọn Tó Ṣàṣeyọrí Láìní Dìgírì

Ère Odùduwà gìrìwò kan wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi igi gbẹ́. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ló gbẹ́ ẹ. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, ó sì tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Kevin Carroll, ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ. Kò gba dìgírì kankan. Síbẹ̀, yunifásítì náà gbà á síṣẹ́ olùkọ́, àwọn tó ń wá dìgírì sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun nìkan kọ́. Wọ́n bí Amos Tútùọlá ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1920. Ìwé díẹ̀ ló kà kí owó tó tán, ó wá kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà, ó sì padà ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní iléeṣẹ́ ìjọba kan l'Ékòó. Nígbà tí Faber and Faber tẹ ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, ojú ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé: wọ́n ní irú Gẹ̀ẹ́sì wo nìyí? Wọ́n ti túmọ̀ ìwé náà sí oríṣiríṣi èdè báyìí. Lọ́dún 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ kan náà pè é wá ṣe olùwádìí àlejò.

Àwọn obìnrin pẹ̀lú wà lára àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ gbé ga. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ni Níkẹ Òkúndáyé ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ. Ilé ọnà rẹ̀ ní Lẹ́kí wà lára àwọn tó tóbi jù ní Nàìjíríà.

Kí ọ̀lẹ má ṣe fi wọ́n ṣe àwíjàre o. Ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn kọ́, ẹ̀kọ́ tó gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ òde òní kì í fẹ́ dúró títí ọ̀gá yóò fi ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún wọn. Bí wọ́n bá ti mọ díẹ̀, wọ́n á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ìyẹn burú ju àìní dìgírì lọ.

Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí ìlẹ̀kùn wọn kì í ṣí láìsí ìwé-ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ la aláìsàn níkùn nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ èyí dájú. Ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ní ọkọ̀ akérò, ó ti ra kòkó, gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn rí. Síbẹ̀ ó ń kàwé nílé títí ó fi gba dìgírì okòwò Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944. Ó wá rìnrìn àjò lọ kọ́ òfin lọ́hùn-ún, ó sì di agbẹjọ́rò lọ́dún 1946. Ipò agbẹjọ́rò tó ń wá, ọpọlọ pípé nìkan kò lè gbé e débẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò fọkàn sí: òfin ilẹ̀ wa tọdún 1999 kò béèrè dìgírì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ, ìwé mẹ́wàá tàbí irú rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í wo ojú ẹni tí kò bá mú ìwé-ẹ̀rí yunifásítì tàbí ti pólì wá. Ìdí nìyí tí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan fi ń ṣe ìdánwò JAMB lọ́dọọdún, tí àyè kò sì tó. Àwọn tó wọlé gan-an, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba lọ́dún 2022 dá wọn dúró fún oṣù mẹ́jọ.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù JAMB ẹlẹ́ẹ̀kẹrin fún ọmọ yín, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Bí iṣẹ́ dókítà bá ni, ẹ tì í lẹ́yìn títí yóò fi wọlé. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá ni, ẹ jẹ́ kó parí ìwé mẹ́wàá bí kò bá tíì parí rẹ̀, kí ẹ sì fi owó tó kù wá ọ̀gá tó mọṣẹ́ fún un.